Ìlà Méjì Lórí Pépà: Àgbéyẹ̀wò Ohun Èlò Tí Obìnrin Fi Ń Wá Ọjọ́ Ìjáde Ẹyin Nínú Ilé

"Àǹtí, ti oyún ni àbí ti ẹyin?" Ìbéèrè tí ọmọ tó ń tajà ní kẹ́míìsì máa ń bi oníbàárà nìyẹn, bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò kàn na ọwọ́ sórí pẹpẹ, yóò sì fa èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà yọ. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì: ọ̀rá pẹlẹbẹ kan náà, pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, ìlà méjì kan náà tó ń yọ nígbà tí wọ́n bá tì í bọ inú ìtọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kò papọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí à ń gbà kà wọ́n. Níbi ìyàtọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ṣi ọ̀nà, tí wọn a sì ní pépà ló purọ́.

Kí ni pépà ti ẹyin ń wá nínú ìtọ̀? Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní LH sínú ẹ̀jẹ̀. Lójoojúmọ́ ni LH wà lára obìnrin, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ìgbà tí ẹyin kan bá ti gbó tán nínú àpò ẹyin ni LH máa ń ya lójijì bí odò tí òjò òkè kún. Nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn tí àkúnya yẹn bá bẹ̀rẹ̀, ẹyin a já, a sì bọ́ sójú ọ̀nà ilé ọmọ. Kì í pẹ́ níbẹ̀: láàárín wákàtí 12 sí 24, agbára rẹ̀ ti tán. Àtọ̀ ọkùnrin ní tirẹ̀ lè fi ọjọ́ márùn-ún dúró dè é. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọmọ kò lè máa dúró dìgbà tí ẹyin bá jáde. Kí àtọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú ló dára jù. Ìkéde ṣáájú ni wọ́n ń wá, LH ló sì ń kéde.

Iṣẹ́ inú pépà náà yẹ ní wíwò. Ìtọ̀ á máa gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Yóò kọ́kọ́ gba ibi tí wọ́n kó áńtíbọ́dì sí kọjá, ìyẹn èròjà tó lè dá LH mọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ nǹkan tó wà nínú ìtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn pépà yìí, wúrà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ áńtíbọ́dì náà, wúrà yẹn ló sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tó bá kóra jọ lójú kan. Níwájú, ìlà méjì tí kò tíì hàn ń dúró. Èkíní ń mú LH: bí LH bá ṣe pọ̀ tó ni ìlà náà yóò ṣe pọ́n tó. Èkejì ni ká pè ní ìlà ẹlẹ́rìí. LH wà o, kò sí o, òun gbọ́dọ̀ yọ, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́rìí pé ìtọ̀ gùn dókè. Bí ẹlẹ́rìí kò bá yọ, kí wọ́n da pépà yẹn nù, ohun yòówù kí ìlà tó kù máa wí.

Kí irú nǹkan báyìí tó di ohun tí wọ́n ń fi náírà rà, ọ̀rọ̀ dókítà àti yàrá àyẹ̀wò ni. Nílùú Oldham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1977, ìtọ̀ ló ń pinnu ìgbà tí dókítà máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ojú ọ̀nà ẹyin Lesley Brown ti dí, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti ń wá ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Patrick Steptoe, Robert Edwards àti Jean Purdy ti lo oògùn tó ń mú ẹyin púpọ̀ gbó fún àwọn obìnrin kan ṣáájú, kò so èso rere. Wọ́n wá ní àwọn yóò dúró de ẹyin kan ṣoṣo tí ara Lesley fúnra rẹ̀ bá mú gbó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá yá jù, ẹyin kò tíì gbó. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ó ti lọ. Wọ́n ń gba ìtọ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru, wákàtí mélòó kan síra wọn, wọ́n sì ń fi ohun èlò kan tó wá láti Japan, Hi-Gonavis, wá àkúnya LH nínú rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n mú ẹyin náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978, wọ́n bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé nínú àwo.

Ohun tó sọ iṣẹ́ òru Oldham di iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún nínú balùwẹ̀ ti ń bọ̀ láti Cambridge. Lọ́dún 1975, César Milstein àti Georges Köhler rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè ṣe áńtíbọ́dì irú kan ṣoṣo bí ó bá ti wù wọ́n kó pọ̀ tó, kí gbogbo rẹ̀ sì dá nǹkan kan náà mọ̀. Ẹ̀bùn Nobel kàn wọ́n lọ́dún 1984. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, àyẹ̀wò ìjáde ẹyin ti wà lórí àtẹ fún ẹni tó bá fẹ́ dá a ṣe nílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìlà méjì, torí ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti ń bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò oyún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀. Níbẹ̀, bí ìlà kejì bá yọ, bó ti wù kó ṣá tó, oyún wà, nítorí họ́mọ̀nù oyún kì í ṣàdédé wà nínú ìtọ̀ ẹni tí kò lóyún. Ti ẹyin kò rí bẹ́ẹ̀. LH kì í tán lára, nítorí náà ìlà rẹ̀ lè yọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjọ́ tí ẹyin kò tiẹ̀ tíì ronú àtijáde. Ìlà ṣíṣá túmọ̀ sí "rárá". Ìgbà tó bá pọ́n tó ìlà ẹlẹ́rìí, tàbí tó pọ́n jù ú lọ, ló tó di "bẹ́ẹ̀ ni". Obìnrin tó bá fi ojú àyẹ̀wò oyún kà á lè máa yọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, kó máa pe ọkọ lálaalẹ́, kí agbára sì ti tán lára àwọn méjèèjì kí ọjọ́ gidi tó kò.

Àní ẹni tó mọ òfin náà kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Gílóòbù aláwọ̀ òféèfèé inú balùwẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú rí ìyàtọ̀ láàárín pupa àti pupa. Ìyàwó á gbé pépà lọ sójú fèrèsé, á pe ọkọ. Ọkọ á wò ó, á ní wọ́n dọ́gba. Ìyàwó á ní kò tíì dọ́gba, ti òsì ṣì ṣá díẹ̀. Bí wọ́n ti ń jiyàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á kọjá, pépà á bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ìlà á sì máa yí àwọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlò ni pé kí wọ́n má kà á mọ́ lẹ́yìn àkókò tí wọ́n dá. Ọgbọ́n kan wà tó máa ń dín iyàn yìí kù: kí obìnrin lẹ pépà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwé funfun kan, kó kọ déètì sí i lábẹ́. Ojú lè ṣì pépà kan kà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò tẹ̀léra láti ọjọ́ kọkànlá dé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ibi tí ìlà náà ti ṣàdédé dúdú kì í ṣòroó rí.

Nítorí iyàn yìí ni àwọn kan ṣe ń ra oníbátìrì. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni Clearblue máa ń fi hàn lórí gíláàsì kékeré, kò sí pé à ń fi pupa wé pupa. Ẹni bá tú u wò yóò bá pépà kan náà nínú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ló kàn ń bá wọn ka ìlà. Irú kan tó gbówó lérí ju ìyẹn lọ ń wá họ́mọ̀nù méjì: ó ń wá èyí tí estrogen ń fi sílẹ̀ nínú ìtọ̀, ó sì ń wá LH. Estrogen ló máa ń kọ́kọ́ gòkè, nítorí náà ojú náà á máa ṣẹ́jú ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú, kó tó wá rẹ́rìn-ín láìṣẹ́jú mọ́ nígbà tí LH bá ya. Ọjọ́ tó lè mú oyún wá tí èyí ń fi hàn ju ti pépà lásán lọ. Owó rẹ̀ náà sì ju ti pépà lásán lọ fíìfíì, bátìrì àti gíláàsì yẹn kò sì jù bí ohun jíjù nù lọ nígbà tí pépà inú páálí bá tán.

Àkókò tí wọ́n ń ṣe é tún ni àṣìṣe kejì. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìtọ̀ àárọ̀ kùtù ló dára fún àyẹ̀wò oyún. Ti LH kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù ni àkúnya náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba wákàtí mélòó kan kó tó dé inú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlò ọ̀pọ̀ pépà fi ń sọ pé láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí wọ́n ṣe é, kó sì jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́. Àwọn oníbátìrì kan sì wà tí wọ́n ní ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀ làwọn fẹ́. Ìwé inú páálí ni ká gbà gbọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó lo irú mìíràn lọ́dún tó kọjá.

Lórí ìwé, ọ̀sán dára. Ní Èkó ńkọ́? Obìnrin tó ń kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí kì í wọlé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ilé ìtọ̀ ọ́fíìsì ló máa ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, pẹ̀lú ife ike tó fi pamọ́ sínú báàgì àti olùbánisiṣẹ́ tó ń kanlẹ̀kùn. Kí ó sì tó débẹ̀, ó yẹ kó ti mú ìtọ̀ náà mọ́ra fún wákàtí mélòó kan, kó sì ti dín omi mímu kù fún bíi wákàtí méjì, nítorí omi púpọ̀ máa ń fọ́ LH lójú. Ẹni tí oòrùn pa, tó fa píọ̀ wọ́tà mẹ́ta mu tẹ̀léra, lè rí "rárá" ní ọjọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" gan-an. Àkúnya àwọn obìnrin kan tún kúrú, kì í pé ọjọ́ kan tó fi ń lọ. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án òní àti lọ́sàn-án ọ̀la lè fò ó dá. Fún irú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló dára nígbà tí ìlà bá ti ń dúdú bọ̀.

Ooru náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láàárín 2 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó má rí ọ̀rinrin. Páálí tó ti jókòó sẹ́yìn gíláàsì tí oòrùn ń ta sí ní ṣọ́ọ̀bù tí iná kì í dúró ti rí ju 30 lọ. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú ọ̀rá kì í ṣe ìpápánu o. Òun ló ń fa ọ̀rinrin, ìgbà tí wọ́n bá sì ti ṣetán láti lo pépà ni kí wọ́n tó ya ọ̀rá rẹ̀.

Ọjọ́ wo ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀? Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni kí obìnrin mú oṣù tó kúrú jù nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá, kó yọ 17 kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28 yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá, ẹni tó ń lọ sí ọjọ́ 35 yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi bá kọ́kọ́ dé ni ọjọ́ kìíní. Ìrọ̀rùn rẹ̀ tán síbẹ̀ fún ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dé bó ṣe wù ú. Bí oṣù yìí bá jẹ́ ọjọ́ 26, tí oṣù tó ń bọ̀ jẹ́ ọjọ́ 41, páálí tó ní pépà méje á tán kí ìgbà tó tó, á sì tún di rírà. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù ni ohun èlò yìí ń náni lówó jù.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn ò kàn ka ọjọ́. Ìyẹn ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1920, Kyusaku Ogino ní Japan àti Hermann Knaus ní Austria, kálukú lọ́tọ̀, rí i pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni ẹyin ń jáde. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ìgbà wo ni nǹkan oṣù tó ń bọ̀ máa dé? Allen Wilcox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2000 lórí obìnrin 213: nǹkan bí ìdá 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjọ́ tí wọ́n lè lóyún wà pátápátá láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ọjọ́ kẹtàdínlógún tí ìwé máa ń kọ. Ní ti áàpù tó kàn ń ṣírò ọjọ́, ìwádìí kan lọ́dún 2018 rí i pé ìgbà tí wọ́n ń mọ ọjọ́ ìjáde ẹyin gan-an kò ju ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Clearblue ló wà nídìí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹni tó ń ta pépà sì ni kò ní yin kàlẹ́ńdà; ṣùgbọ́n ti Wilcox tó jẹ́ ti ìjọba kò takò ó.

Ó wá kan nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú páálí: 99%. Ẹni tó bá kà á lè rò pé nínú obìnrin 100 tó bá lò ó, 99 ni yóò mọ ọjọ́ tí ẹyin rẹ̀ já, bóyá kó tiẹ̀ lóyún. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé nínú yàrá àyẹ̀wò, nígbà tí LH bá pọ̀ dé ìwọ̀n tí wọ́n dá, pépà á rí i. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò lọ́ra láti tún un sọ fún àwọn tó ń lò ó nílé: nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń rí LH bó ti yẹ. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ LH ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ẹyin.

Ìwé ìkésíni ni LH, òun kọ́ ni ìnáwó. Wọ́n lè pín ìwé tán kí wọ́n má ṣe òde mọ́. Nínú oṣù kan, LH lè ya tán pátá kí àpò má là, kí ẹyin wà níbi tó wà. Àwọn tó ní PCOS, níbi tí àpò ẹyin ti ní ẹyin kéékèèké tí kì í gbó jáde déédéé, LH wọn lè ga láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Pépà wọn á máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lójoojúmọ́, tàbí kó ya lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan. Bákan náà ni fún ẹni tó ti ń sún mọ́ àsìkò tí nǹkan oṣù máa dáwọ́ dúró. Nítorí LH rẹ̀ ga ni ìlà rẹ̀ fi pọ́n, ẹyin kọ́. Ní ìdà kejì, ìwọ̀n tí pépà fi ń dájọ́ kò dọ́gba: àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ní 25 mIU/ml, àwọn mìíràn ní 40. Obìnrin tí àkúnya rẹ̀ kì í ga lè máa tú ẹyin jáde lóṣooṣù kí pépà onípò 40 máa sọ pé kò sí nǹkan kan.

Oògùn tún wà. Clomid, oògùn tó ń mú ẹyin gbó, tí àwọn kan ń rà lórí káńtà láìrí dókítà, lè mú LH gòkè fún ọjọ́ díẹ̀ tí ẹyin kò tíì ṣetán. Ó yẹ kí ó tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn hóró ìkẹyìn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ pépà. Abẹ́rẹ́ hCG, ìyẹn họ́mọ̀nù oyún, tí wọ́n ń gún ní ilé ìwòsàn ìbímọ láti mú ẹyin já jọ LH débi pé pépà lè má mọ ìyàtọ̀ wọn. Nítorí ìjọra yẹn náà ni pépà ẹyin fi lè pọ́n fòò nínú ìtọ̀ aláboyún, tí ẹni tó ni ín á sì ṣì máa retí ẹyin.

Ẹnìkan lè bèèrè bóyá pépà tó bá pọ́n gan-an ń sọ pé ìbejì ń bọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìbejì wọ́pọ̀ ní Igbó-Ọrà ju ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ. Nylander, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wádìí ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó bí ìbejì ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ohun tó bá pé ó pọ̀ lára wọn ni FSH, họ́mọ̀nù tó ń mú ẹyin dàgbà. Pépà yìí kì í wá FSH, kò sì mọ iye ẹyin tó fẹ́ jáde.

Ṣé ó wá ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti lóyún? Ní 2023, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí jọ kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n, tẹ àgbéyẹ̀wò tuntun jáde lórí tọkọtaya tó ń fi àyẹ̀wò mú ọjọ́ ìbálòpọ̀. Bí obìnrin 18 nínú ọgọ́rùn-ún bá lóyún láìlo pépà, wọ́n ṣírò pé láàárín 20 sí 28 ni yóò lóyún bí wọ́n bá lò ó. Èrè wà, kò sì tó ohun tí páálí ń ṣèlérí. Àwọn obìnrin tí kò tíì pé 40, tí wọn kò sì tíì fi ọdún kan wá ọmọ, ni èsì yìí kàn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò wọ̀nyí ló sì náwó lórí àwọn kan lára àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ. Àwọn tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́rin, tí wọ́n wà lára oníbàárà tó ń ra pépà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ìmọ̀ràn NICE, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà, rọrùn ju gbogbo èyí lọ: kí tọkọtaya máa bá ara wọn lò ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra wọn jálẹ̀ oṣù. Ó bá ohun tí Wilcox rí lọ́dún 1995 mu. Nínú obìnrin 221 tó tẹ̀ lé, gbogbo oyún ló wá láti inú ìbálòpọ̀ ọjọ́ mẹ́fà tó parí sí ọjọ́ ìjáde ẹyin. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sí. Ẹni tó ń ṣe é lọ́jọ́ méjì-méjì ti gba àwọn ọjọ́ náà láìṣe ìṣirò kankan. Ẹni tó ń dúró dìgbà tí pépà bá sọ̀rọ̀ kó tó pe ọkọ ti jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dára kọjá lọ.

Àwọn wo ni pépà náà wá dára fún jù? Àwọn tí kì í gbé pọ̀ ni. Ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá tí ìyàwó wà n'Íbàdàn, awakọ̀ epo tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru: ọjọ́ méjì tí wọ́n mọ̀ ju ọgbọ̀n tí wọn ò mọ̀ lọ. Fún àwọn tó ń sun ibùsùn kan náà, ó lè sọ ìfẹ́ di iṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin kì í sábà sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n "ó ti pọ́n o, tètè máa bọ̀" tó bá a ní ìdí iṣẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà dùn létí.

Àwọn ọ̀nà mìíràn kò ṣeé fi ṣẹ̀sín. Omi ojú ara tó ń fà bíi funfun ẹyin adìẹ ń sọ pé ọjọ́ ti ń tó, ọ̀fẹ́ sì ni. John àti Evelyn Billings ní Australia ló fi kọ́ ọ̀pọ̀ tọkọtaya. Ìgbóná ara àárọ̀ kùtù máa ń fi díẹ̀ gòkè lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, ìyẹn lẹ́yìn tí ìyàwó ti wọlé tán. NICE kò gbà á níyànjú. Awò kékeré tí wọ́n fi ń wo itọ́ ẹnu tó gbẹ bóyá ó ya bí ewé, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀: oúnjẹ, sìgá, àní fífọ eyín pàápàá lè bà á jẹ́. Tuntun ibẹ̀ ni pépà tó ń wá ohun tí họ́mọ̀nù progesterone ń fi sílẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn ìjáde ẹyin. FDA fọwọ́ sí Proov lọ́dún 2020. Ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òde náà wáyé, ohun tí LH kò lè ṣe.

Àwọn kan máa ń yí i padà, wọ́n á fẹ́ fi pépà sá fún oyún. Kí wọ́n má ṣe é. Àtọ̀ ọjọ́ Ajé lè dúró de ẹyin ọjọ́ Ẹtì, pépà kò sì ní sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Persona, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún èyí, tó dé ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1996, sọ fúnra rẹ̀ pé nínú obìnrin 100 tó bá lò ó bó ti yẹ fún ọdún kan, mẹ́fà yóò lóyún.

Ní báyìí, fóònù ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin á ya pépà ní fọ́tò, áàpù á ka ìlà fún un, á sì ya àwòrán bó ṣe ń gòkè. Ó ń yanjú iyàn ojú fèrèsé. Ó tún ń kó àṣírí oṣù obìnrin lọ síbi tí kò mọ̀. Lọ́dún 2023, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ tó ni áàpù Premom pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn tó ń lò ó ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn láìgba àṣẹ wọn. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 100,000 dọ́là fún ẹjọ́ yẹn, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún un láti máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn fún ìpolówó ọjà.

Ohun tí ìlà méjì kò lè rí ló wá pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn wa. Kò rí túùbù tí àrùn àtijọ́ ti dí pa. Kò rí ìju tó jókòó sínú ilé ọmọ. LH Lesley Brown ń ya bó ti yẹ lóṣooṣù, ọ̀nà tí ẹyin máa gbà ni kò sí. Ẹni tí kò tíì pé 35 tó ti fi ọdún kan wá ọmọ, tàbí ẹni tó ti kọjá 35 tó fi oṣù mẹ́fà wá a, ti kúrò lábẹ́ àṣẹ pépà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún progesterone, ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún fún ẹni tí oṣù rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ni yóò sọ bóyá ẹyin jáde lóòótọ́.

Obìnrin nìkan ni pépà sì ń yẹ̀ wò. Ó lè ti kó ìwé funfun mẹ́fà tí pépà kún lọ bá dókítà, pẹ̀lú déètì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bá pàdé jẹ́: "Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣe tiwọn?" Tiwọn kò ní wàhálà tó èyí. Wọ́n á yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje, wọ́n á fi àtọ̀ sínú ife kan, yàrá àyẹ̀wò á kà á. Bí kò bá dára tó, wọn kì í dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe, nítorí àtọ̀ tuntun ń gbà ju oṣù méjì lọ kó tó pé.